Ọdún Lúkúlúkú: Ohun Tí Àwọn Ará Èkó Sá Fún ní 1918

Bí ìròyìn bá ti jáde pé àrùn fúlúù tuntun kan ti bẹ́ sílẹ̀ níbì kan láyé, oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń gba ìlú kan. Èkíní ni ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn: irú kòkòrò tó jẹ́, iye ẹni tó ti mú, iye ẹni tó ti pa. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ojú pópó: pé àwọn kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é jáde, pé ẹni tó fẹ́ ta abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ tú àrùn sílẹ̀, pé ìjọba ti mọ̀ tipẹ́, ó kàn fi pa mọ́ fún wa ni. Ó rọrùn fún ẹni tó bá kàwé láti fi ọ̀rọ̀ kejì yìí ṣẹ̀fẹ̀. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àròkọ yìí. Ìtàn àjàkálẹ̀ tó jà nílẹ̀ yìí ní 1918 ti jẹ́ kí n gbà pé ohun tí ará ìlú ń méfò lè ṣì pátápátá nípa àrùn, síbẹ̀ kí ó tọ̀nà nípa àwọn tó ń ṣàkóso wọn. Ìjọba tí kò bá mọ èyí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àrùn kiri.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí inú orúkọ ni àméfò ti máa ń kọ́kọ́ fara hàn. Fúlúù Sípéènì ni gbogbo ayé mọ àrùn 1918 sí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rí pé Sípéènì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń jagun ń dí ẹnu àwọn oníwèé ìròyìn wọn, kí ọ̀tá má baà gbọ́ pé àìsàn ti wọ àárín ọmọ ogun. Sípéènì kò sí nínú ogun ní tirẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn ibẹ̀ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, títí dórí pé Ọba Alfonso Kẹtàlá fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹni tó sọ òtítọ́ ni ayé wá fi àrùn sọ lórúkọ. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n ní àrùn àwọn ará Bràsíìlì ni. Ní Bràsíìlì, wọ́n ní ti àwọn ará Jámánì ni. Ní Pólàńdì, wọ́n so ó mọ́ àwọn Bolshevik tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ní Rọ́ṣíà. Kò sí ẹni tó fi ilé ara rẹ̀ pè é.

Àwọn Yorùbá kò so orúkọ ìlú kankan mọ́ ọn. Lúkúlúkú ni wọ́n pè é, orúkọ kan náà tí àwọn tó ń sin adìyẹ fi ń pe àrùn tó máa ń wọ inú ọ̀wọ́ adìyẹ, tí ilẹ̀ yóò sì mọ́ tí òkú adìyẹ yóò ti kún àgò. Lẹ́yìn náà, nígbà tí a bá ń wá ọjọ́ orí àwọn àgbà tí kò ní ìwé ìbí, ọdún lúkúlúkú wà lára ohun tí a fi ń mọ ìgbà: ṣé wọ́n ti bí ọ kí lúkúlúkú tó jà, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni? Ó sì ya ni lẹ́nu pé nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà parí ìtúpalẹ̀ kòkòrò 1918 ní ọdún 2005, láti inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó kú nígbà náà, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òkú tí yìnyín pa mọ́ sínú ilẹ̀ Alaska, ohun tí wọ́n rí ni pé kòkòrò náà fara jọ ti inú ara ẹyẹ gan-an. N kò sọ pé àwọn baba wa mọ èyí. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò fara sin. Ní 15 oṣù Ògún 1918, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, HMS Mantua, gúnlẹ̀ sí Fìrìtáùn ní ilẹ̀ Sàró. Bí igba nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Èbúté yẹn ni àwọn ọkọ̀ ti máa ń gba èédú, àwọn òṣìṣẹ́ Sàró ló sì ń ru èédú náà wọ inú ọkọ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí 500 nínú 600 òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ èédú náà fi wà lórí ẹní àìsàn. Kí oṣù Ọwẹ́wẹ̀ tó parí, bí ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ti kú ní ìlú náà. Láti Fìrìtáùn, ọkọ̀ Shonga gbé e dé Cape Coast àti Akra. Láti Góòlù Kóòsì, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ọkọ̀ Bida gbé e wọ Èkó ní 14 oṣù Ọwẹ́wẹ̀.

Mantua, Shonga, Bida: orúkọ ọkọ̀ ni gbogbo wọn. Ohun tí ìjọba amúnisìn fi ń yangàn jù lọ, èyíinì ni ọkọ̀ òkun àti ojú irin, ni àrùn náà gùn wọlé bí ẹni gun ẹṣin. Ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ti dé Ìbàdàn láti 1901, ó sì ti kan Kánò kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Àrùn tí ìbá fi oṣù púpọ̀ rin ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wá fi ọjọ́ mélòó kan dé ibi tó ń lọ.

Irú àìsàn wo tiẹ̀ ni? Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn lásán. Orí á fọ́, ara á máa ro, ibà á gbóná, ikọ́ á tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn dìde láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ti àwọn mìíràn wọ ẹ̀dọ̀fóró. Èémí á máa há, ojú àti ètè á máa ṣú bí aró, ẹni tó jẹun alẹ́ ọjọ́ Ajé lè máà rí òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Èyí tó ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù ni àwọn tó ń pa. Wọ́n ti mọ̀ pé ọmọdé jòjòló àti arúgbó ni ikọ́ máa ń mú lọ. Lúkúlúkú kọjá lára ọ̀pọ̀ àwọn wọ̀nyí, ó sì ń mú ẹni ogún ọdún sí ogójì, àwọn tó ń ro oko, àwọn tó ń bímọ, àwọn tí ó yẹ kó gbẹ́ sàréè fún ẹlòmíràn.

Kò sí oníṣègùn láyé tó mọ ohun tó fà á. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí a máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé òyìnbó mọ̀, aláwọ̀ dúdú kò mọ̀. Àwọn dókítà Yúróòpù gbà nígbà náà pé bakitéríà kan tí Richard Pfeiffer, ọmọ Jámánì, rí ní 1892 ló ń fa fúlúù. Àṣìṣe ni. Ọdún 1933 ni Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw tó rí kòkòrò fúlúù gidi láti ara èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1918, kíníìnì àti aspirin ni dókítà ní lọ́wọ́, pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ìyá àgbà tó ń se àgbo, tó ń fi aṣọ bo aláìsàn, tó sì ń bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un, kò fi ohun púpọ̀ rẹ̀yìn sí wọn. Ìtọ́jú ni àwọn méjèèjì ní. Ìwòsàn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà fúnra wọn kò tilẹ̀ tó nǹkan, nítorí ogun ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ.

Nígbà tí àrùn ti wọ Èkó tán, ìjọba rán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé, wọ́n ń wá aláìsàn, wọ́n ń ya àwọn kan sọ́tọ̀, wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò fọ inú ilé. Lójú ìwé ìjọba, ohun tó yẹ kí ìjọba tó mọṣẹ́ ṣe nìyẹn. Lójú ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun mìíràn ni. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n di ẹrù wọn. Àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi gba orí ọ̀sà lọ, àwọn kan gba ibùdókọ̀ ojú irin lọ sí òkè, oníkálukú ń wá ọ̀nà ìlú baba rẹ̀. Ẹni tí àrùn ti wọ̀ lára láìmọ̀ wà láàrin wọn. Àwọn ìlú tó wà lẹ́bàá ojú irin ló kọ́kọ́ gbá a. Àwọn abúlé tó jìnnà sí i ló gbá a kẹ́yìn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìgbà náà, àti ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé lẹ́yìn wọn, ka ìsáǹsá yìí sí àìmọ̀kan. Mo ta ko èrò yìí. Ẹ wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Wọlé-wọlé ni. Kí lúkúlúkú tó dé ni Èkó ti mọ wọlé-wọlé: òun ló ń wo inú ìkòkò omi bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, òun ló ń wo ẹ̀yìnkùlé, òun náà ló ń pe onílé lẹ́jọ́. Kò sí ìyá ọlọ́mọ kan tó rántí ọjọ́ tí wọlé-wọlé wọlé tí inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó omi. Ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wá sí Èkó, ó sì fẹ́ kí ará ìlú sanwó rẹ̀. Àwọn èèyàn tí kànga wọn kò gbẹ sọ pé àwọn kò béèrè omi. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn ní 1908, wọ́n tún fi hàn ní 1916 lẹ́yìn tí omi náà ti ń ṣàn, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tó bá wọn jà. Ìlera ni ìjọba pe iṣẹ́ omi náà. Owó ni ará ìlú gbọ́.

Bí ti Èkó bá rí báyìí, ti Abẹ́òkúta kò ṣeé fẹnu sọ. Ní 1914 ni ìjọba amúnisìn fòpin sí òmìnira Ẹ̀gbá. Ní 1918 ni wọ́n gbé owó-orí dé. Ní oṣù Okúdù ọdún náà ni àwọn Ẹ̀gbá gbé ohun ìjà, wọ́n hú ojú irin, wọ́n gé wáyà, a sì ń pe ogun yẹn ní Ogun Adùbí títí dòní. Àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba kọ lu ìlú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló kú. Ó di oṣù Ògún kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀. Ojú irin tí wọ́n tún tò yẹn náà ni àrùn gbà dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọdún tó parí. Ẹ wá sọ fún mi irú ìkéde ìlera tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ láti ọwọ́ ìbọn ìjọba yóò gbọ́, tí yóò sì gbà.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Àwọn ará 1918 kò rí ekòló. Ejò kan náà ni wọ́n rí, tó wọ aṣọ oníṣègùn.

Ohun kan tún wà tó mú ọkàn wọn pòrúùru. Àwọn Yorùbá kò ṣàìmọ bí a ti í kojú àjàkálẹ̀. Ṣọ̀pọ̀nná ti bá wọn gbé pẹ́, ó ní òfin tirẹ̀: a kì í dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, Olóde ni à ń pè é, àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń sin òkú rẹ̀, a kì í lu ìlù nígbà tí ó bá ń jà. Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sàpàrà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí sí Fìrìtáùn, ti wọ inú àwọn àwòrò náà láti mọ àṣírí wọn, ó sì jẹ́rìí pé àwọn kan nínú wọn ń fọwọ́ ara wọn tan àrùn náà kálẹ̀, ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ náà. Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lúkúlúkú dé bá àwọn èèyàn tí a ti gba òfin àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, tí wọn kò sì tíì fọkàn tán òfin tuntun. Kò sí àwòrò lúkúlúkú. Kò sí ẹni tí a ó bi léèrè ohun tó ń bínú sí. Nígbà tí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn, gbogbo ẹnu ni yóò dáhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní àárín oṣù Ọwẹ́wẹ̀ kan náà tí Bida gúnlẹ̀ sí Èkó ni ọkọ̀ Demerara, tó ti Yúróòpù bọ̀, gbé àrùn yìí dé àwọn èbúté Bràsíìlì: Recife, Salvador ní Bahia níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń bọ Ọmọlú, lẹ́yìn náà Rio de Janeiro. Ní Rio, òkú pọ̀ débi pé wọ́n ń tẹ́ wọn sójú títì kí ọkọ̀ wá kó wọn. Ìgbà yẹn ni àhesọ kan bẹ̀rẹ̀ nípa Santa Casa, ilé ìwòsàn ńlá ti àwọn tálákà. Wọ́n ní bí aláìsàn bá pọ̀ jù, àwọn olùtọ́jú á bu tíì kan fún àwọn tí kò ní yè láàárín òru, ilẹ̀ ò sì ní mọ́ bá wọn, kí ibùsùn lè ṣófo fún ẹlòmíràn. Tíì ààjìn ni wọ́n pè é. Kò sí ẹ̀rí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí. Síbẹ̀ ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú àhesọ náà: tálákà ń sọ pé, nílé ìwòsàn yìí, ibùsùn mi níye lórí jù mí lọ. Èyí kò jìnnà sí òtítọ́ ayé wọn. Àrùn náà kò sì bẹ̀rù ọlá, ó pa Rodrigues Alves, tí wọ́n ti dìbò yàn sípò ààrẹ, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1919 kí wọ́n tó búra fún un.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní àwọn ará Jámánì ló gbé kòkòrò náà wá nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n tún ní wọ́n ti bu àrùn sínú aspirin ilé-iṣẹ́ Bayer, nítorí pé Jámánì ló ni orúkọ náà. Orílẹ̀-èdè tí ìjọba rẹ̀ ti fi ọdún kan gbáko kọ́ ará ìlú láti máa wá amí Jámánì lábẹ́ ibùsùn, kí ni ì bá tún méfò?

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé, sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ fún àdúrà nítorí àjàkálẹ̀ náà. Joseph Ṣàdáre ló ṣáájú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó dára pọ̀ ni Sophia Ọdúnlámì, olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí lúkúlúkú gbé dè fún ọjọ́ mélòó kan. Ó dìde, ó sì ń wàásù pé Ẹ̀mí ti bá òun sọ̀rọ̀: kí àwọn èèyàn fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n gba omi òjò, Ọlọ́run yóò fi wò wọ́n sàn. Ẹni tó bá fẹ́ lè rẹ́rìn-ín. Ẹ sì rántí pé oògùn tí ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ kò wo fúlúù, omi òjò tí ó ní kí wọ́n mu kò pa ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mú àwọn tí ìbẹ̀rù ti tú ká padà jókòó yí aláìsàn ká. Nínú àjàkálẹ̀ tí kò ní ìwòsàn, ẹni tó bá rí ẹni fún un lómi ní àǹfààní láti yè ju ẹni tí wọ́n sá fi sílẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ní 1920, ó kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, ó bá ìjọ kan ní Philadelphia dòwò pọ̀, ó pàdé ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1930, ó sì di Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ní 1941. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọrin nínú ìjọ náà lónìí kò mọ̀ pé inú ọdún lúkúlúkú ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Nígbà tí ó fi rọlẹ̀ ní Èkó, bí 1,200 èèyàn ti kú, nínú ìlú tí kò ju bí 80,000 lọ. Ní gbogbo Nàìjíríà, iye tí àwọn onítàn ń tọ́ka sí ni bí 500,000 nínú bí mílíọ̀nù 18, láàárín oṣù tí kò pé mẹ́fà. Ìpín Èkó nínú ikú kéré sí ti ọ̀pọ̀ ìlú òkè. Ìlú tí wọ́n sá kúrò nínú rẹ̀ sàn ju ibi tí wọ́n sá lọ. Ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya, àwọn tó yẹ kó gbin iṣu kú tàbí kí wọ́n máa ṣàìsàn ní àkókò iṣẹ́. Onítàn Don Ohadike ti fi hàn pé ìyàn ìgbà náà wà lára ohun tó mú àwọn èèyàn ibẹ̀ gba gbágùúdá, tí wọ́n ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú tẹ́lẹ̀, sínú oko wọn.

Àwọn tó sá fún wọlé-wọlé ńkọ́? Ní 1924 ni àrùn mìíràn, àjàkálẹ̀ tí eku ń gbé kiri, wọ Èkó, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Wọlé-wọlé tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba pinnu pé ilé tó há mọ́ra wọn ni ẹ̀bi wà lọ́rùn wọn, ó sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó tò: wọ́n wó ilé, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n ṣí àwọn onílé lọ sí Yaba. Ọdún mẹ́wàá péré ló wà láàárín àwọn tó di ẹrù sá ní 1918 nítorí pé wọn kò mọ ohun tí ọkùnrin tó ń kan ilẹ̀kùn fẹ́, àti ọjọ́ tí ìjọba kan náà fi òfin gba ilé ní orúkọ ìlera.

Ẹ̀rù àti àméfò kì í sì í ṣe ti mẹ̀kúnnù nìkan. Ní 2009, nígbà tí fúlúù H1N1 bẹ́ sílẹ̀ ní Mẹ́síkò, tí ayé ń pè é ní fúlúù ẹlẹ́dẹ̀, ìjọba Íjíbítì pàṣẹ kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, bí 300,000, nígbà tí ẹyọ aláìsàn kan kò tíì sí níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ló ń tàn án kálẹ̀. Wọ́n pa wọ́n. Àwọn akólẹ̀ ìlú Káírò ló ni ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyẹn, wọ́n sì ń fi ìdọ̀tí oúnjẹ bọ́ wọn. Kò pẹ́ tí ìdọ̀tí náà fi kún òpópónà.

Tiwa ti ṣáájú ìyẹn. Ní oṣù Èrèlé 2006 ni wọ́n rí fúlúù ẹyẹ H5N1 ní oko adìyẹ kan ní Jàájì, Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó dé Áfíríkà. Ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n pa adìyẹ oko tí àrùn bá wà, ó sì ní òun yóò san ₦250 lórí adìyẹ kan. Àwọn tó ń sin adìyẹ ṣe ìṣirò wọn. Iye yẹn kò tó owó adìyẹ tó ń yín, ẹni tó bá sì mọ Nàìjíríà mọ̀ pé ìlérí owó ìjọba àti owó fúnra rẹ̀ kì í dé lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan yára ta adìyẹ tó ń ṣòjòjò kí aláṣẹ tó dé, ọjà dé ọjà ni àrùn náà sì ń bá wọn kiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007, ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Èkó, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn tó ta adìyẹ wọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní 1918 ṣe mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń bọ̀ wá gba nǹkan ni wọ́n ń sá fún.

Mo mẹ́nu ba Ébólà gbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe fúlúù, nítorí ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n kàn. Ní oṣù Ògún 2014, àhesọ ti gba orí fóònù pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún. Ó kéré tán èèyàn méjì ló bá a lọ. Ẹnì kan tó ti fara kan aláìsàn sá kúrò ní Èkó lọ sí Port Harcourt, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ sì kú. Títí di ìgbà yẹn, ìtàn 1918 ni. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kọ orúkọ àwọn 894 èèyàn tó ti sún mọ́ aláìsàn, wọ́n sì tọ̀ wọ́n lọ nílé, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, bí ìgbà 18,500 lápapọ̀. Wọ́n yẹ ìgbóná ara wò, wọ́n béèrè àlàáfíà, wọ́n sì padà lọ. Wọn kò gba ilé ẹnikẹ́ni. Ní 20 oṣù Ọ̀wàrà 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ébólà ti tán ní Nàìjíríà: ogún èèyàn ló mú, mẹ́jọ ló kú.